Àkòrí Tó Kéré Jù fún Dókítà Ọlánípẹ̀kun

Bí ẹ bá ti jókòó níwájú ọ̀gá kan rí, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí ẹ ń wo aago, tí ebi sì ń pa yín, ẹ sún mọ́ mi, tiyín ni ìtàn yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Kàdúná, bí ènìyàn bá kọjá Sabon Tasha díẹ̀ lójú ọ̀nà Kachia. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀, ẹ kò sì ní rí i bí ẹ bá wá a lọ, nítorí ìtàn ni mo ń pa. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú, Dókítà Ọlánípẹ̀kun sì ni olórí ẹ̀ka náà fún ọdún mẹ́jọ gbáko.

Mo pè é ní Dókítà Ọlánípẹ̀kun nítorí pé kò sí nítòsí. Bí ó bá wà níbí ni, n kò jẹ́ dán an wò. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà, ni Dókítà Olóyè Ọlánípẹ̀kun Adédàpọ̀, Òpómúléró Ìmọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà, Baba Ìsàlẹ̀ Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́ Àríwá. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ yìí sí gùn ju ilẹ̀kùn ọ́fíìsì lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní kí àwọn gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, Dókítà ní ọlá kì í ṣe iṣu tí à ń gé. Ni wọ́n bá pín pátákó sí méjì, wọ́n kan apá kìíní mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọ́n kan apá kejì mọ́ ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e, ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, "Baba Ìsàlẹ̀ Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́ Àríwá" ni yóò kọ́kọ́ kà kí ó tó wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀. Paul akọ̀wé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Nasarawa, ni yóò ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, yóò gba báàgì, yóò sì fọwọ́ lu àyà pé, "Ranka ya daɗe, sà, kí ẹ̀mí yín gùn." Dókítà yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn olùkọ́ bá ti gbọ́ ikọ́ yẹn, wọn yóò jáde, wọn yóò tò lẹ́sẹẹsẹ, wọn yóò máa kí i. Ẹni tó bá ṣèèṣì kí i ní "Ẹ káàárọ̀, sà," tí kò fi Dókítà kún un, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí ńṣe ni baba náà yóò yí padà, yóò wọ inú mọ́tò, Paul yóò ti ilẹ̀kùn, wọn yóò sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí olùkọ́ tuntun kan mú kí ó wọlé-jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn, kò sí kíláàsì títí di ọ̀sán.

Ní ọdún 2017 tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Dókítà pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn jọ sínú gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ àkòrí iṣẹ́ ìwádìí ló torí ẹ̀ pè wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni tó lè gba ìwé-ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé, kí ó sì wá gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ rárá, olórí ẹ̀ka gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àkòrí rẹ̀.

"Ẹ̀yin èso tó rọ̀ sórí igi ìmọ̀ mi," báyìí ni Dókítà ṣe bẹ̀rẹ̀. Paul pàtẹ́wọ́. "Mo ti rí àwọn tópíìkì tí ẹ fi ránṣẹ́, omi sì bọ́ lójú mi. Ẹnì kan láàrin yín fẹ́ ṣèwádìí lórí àwọn tó ń sun súyà ní oríta kan ṣoṣo. Ẹ dákun, ṣé oríta kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá sílé ayé ni? Ṣé torí oríta kan ni mo ṣe rìn yí ayé ká tí mo wá ìmọ̀? Láti òní lọ, tópíìkì tí kò bá tó ọ̀rọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe tópíìkì. Èyí tí kò bá sí Áfíríkà nínú rẹ̀, ẹ mú un padà sílé fún ìyá yín. Èyí tó bá sì ní Àgbáyé nínú, inú mi a máa dùn sí i débi pé mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí n tó kà á."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sí àpò. A óò padà wá bèèrè rẹ̀.

Tolúwaṣẹ ni orúkọ ọlọ́súyà ọ̀hún. Àkòrí tí Dókítà fi rọ́pò tirẹ̀ ni "Ipa Tí Èéfín Ti Kó Nínú Ìṣèjọba Áfíríkà àti Gbogbo Àgbáyé Láti Ìgbà Ìwáṣẹ̀ Títí Di Òní Olónìí Yìí Gan-an, Pẹ̀lú Àfiyèsí Pàtàkì sí Ẹran." Tolúwaṣẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó.

Nínú àwọn tó jókòó sí gbọ̀ngàn yẹn ni Rashidat wà. Ọmọ Yísà aránṣọ ni, láti Barakallahu, ìpẹ̀kun kejì ìlú lọ́hùn-ún. Èṣí ló yẹ kí ó ti jáde, ṣùgbọ́n Dókítà dá àkòrí rẹ̀ padà títí ọdún fi parí lé e lórí. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ni pé ọdún kan péré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kún iye ọdún tó yẹ kó lò. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ilé ló ń lọ lọ́wọ́ òfo. Bàbá rẹ̀ kò mọ èyí. Ńṣe ni ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ pé ọmọ òun ti fẹ́ di gírájúétì, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dúró ṣinṣin kí òun lè wọn èjìká wọn.

Ní ẹ̀ka yẹn, àkòrí mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sínú ìwé kan ṣoṣo kí olórí lè mú ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ ọgbọ́n rẹ̀. Olórí máa ń da ti òkè nù kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni olórí, kì í sì í ní sùúrù dé ti ìsàlẹ̀, nítorí náà èyí tí ọkàn rẹ bá fẹ́, àárín ni wàá kọ ọ́ sí. Àárín ni Rashidat kọ tirẹ̀ sí, ọdún méjì tẹ̀ léra: ibi tí àwọn mai ruwa, àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri Barakallahu, ti ń pọn omi tí wọ́n ń tà, àti ohun tó ń ṣe àwọn tó ń mu ún.

Nígbà tó gbé e dé ọ́fíìsì, Dókítà fi ìka méjì gbé ìwé náà bí ẹni gbé aṣọ ọmọ tó tọ̀ sára. "Ìwọ náà ni ọlọ́mi èṣí?"

"Èmi ni, Dókítà sà," ni Rashidat wí. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Omi léṣìí, omi lọ́dún yìí. Ṣé ẹja ni ọ́ ni?"

"Sà, torí àbúrò mi Hàwáwù ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni táífọ́ọ̀dù ti gbé e dé ọsibítù. Gbogbo àdúgbò wa ló ń ra omi yẹn, wallahi, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n."

"Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé kò ṣe pàtàkì. Gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì ni mo ti mọ̀."

Ibi tí Paul ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ létí nìyẹn. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fẹ̀yìn tì láìpẹ́. Ìgbìmọ̀ alákòóso yóò yan ẹlòmíràn, Dókítà sì ti ń wo àga náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí Paul sọ ni pé gbogbo àwọn tó ń du ipò yìí ni wọ́n ti kọ ìwé nípa wọn, àfi Dókítà nìkan. Ojú Dókítà tàn. Ó wo Rashidat, ó wo òrùlé, ó mú bírò, ó fa igi sí àkòrí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ ẹ̀kẹrin sábẹ́ wọn:

"Ìtàn Ìgbésí-Ayé, Iṣẹ́ àti Ìmọ̀ Àgbàyanu Dókítà Olóyè Ọlánípẹ̀kun Adédàpọ̀ gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ Aṣáájú Tí Áfíríkà àti Gbogbo Àgbáyé Ti Ń Wá Láti Ọjọ́ Pípẹ́."

Paul fi ìka kà á. "Márùndínlọ́gbọ̀n géérégé, sà."

"Ọmọbìnrin yìí," ni Dókítà wí, "orí rẹ mà gbé ire kò ọ́ o. O wá bu omi, o bá òkun pàdé."

Rashidat rántí Hàwáwù. Ó rántí èjìká àwọn oníbàárà bàbá rẹ̀. Inú bí i, ó dùn ún dọ́kàn, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? "Ẹ ṣeun, sà," ni ó wí, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde.

Málàm Abdulbaqi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kàdúná ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àfi ẹni tó bá kọ ìwé láìsọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀. Ó ka àkòrí náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu fún ìgbà díẹ̀.

"To, Rashidat," ni ó wí. "N kò ní rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó ti di tópíìkì, bí a ṣe ń ṣe gbogbo tópíìkì la ó ṣe é. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Ohun tí o kò bá rí, má kọ ọ́. Ìwé kíwèé tí wọ́n bá dárúkọ nínú pírójẹ́ẹ̀tì tí mo ń bójú tó, mo fẹ́ mọ àkọlé rẹ̀, ọdún rẹ̀ àti iye ojú-ewé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti HOD, olórí ẹ̀ka wa fúnra rẹ̀."

Ni Rashidat bá lọ fi ọ̀rọ̀ wá Dókítà lẹ́nu wò, odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní, kò kúrò lórí ìbí rẹ̀.

"Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí mi," ni Dókítà wí, "olùkọ́ kan ń kọjá lọ níwájú ilé wa. Bí ó ti gbọ́ ẹkún mi, ó dúró."

"Kí ló wá ṣe, sà?"

"Ó dúró, mo ní. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dé orí oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí wọ́n torí ẹ̀ ń pè é ní Dókítà. Dókítà dárúkọ yunifásítì kan ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì la ọwọ́ méjèèjì láti fi hàn bí ìwé tí òun kọ níbẹ̀ ṣe nípọn tó.

"Kí ni àkọlé rẹ̀, sà?"

Dókítà wo fáànù. "Àkọlé rẹ̀ gùn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún ọ báyìí, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Kọ ọ́ pé ó gùn."

Rashidat kọ ọ́ pé ó gùn. Málàm Abdulbaqi fa igi sí i. "'Ó gùn' kì í ṣe àkọlé ìwé," ni ó wí. "Kọ lẹ́tà sí yunifásítì yẹn, kí wọ́n bá wa wò ó." Kò sí ẹ̀tàn kankan nínú ohun tó sọ. Bí ó ṣe ń ṣe fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni èsì fi dé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí. Èyí ni ohun tí wọ́n kọ: "A rí orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun Adédàpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ wa. Ó forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1999. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ó mú àkòrí ìwádìí wá, gbogbo mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni ìgbìmọ̀ sì dá padà nítorí pé wọ́n fẹ̀ jù. Èyí tó mú wá kẹ́yìn ni 'Ayé àti Ohun Gbogbo Tó Wà Nínú Rẹ̀.' Láti ọdún 2003 ni a kò ti rí i mọ́. Kò kọ ìwé kankan fún wa, a kò sì fún un ní oyè."

Àbí ẹ kò rí nǹkan. Ọkùnrin tó ń da àkòrí ọmọ ọlọ́mọ nù láti ọdún mẹ́jọ, òun fúnra rẹ̀ kò rí àkòrí yàn.

Ẹ̀rù ba Rashidat, ẹ̀rù gidi. Ó kọ́kọ́ ronú àtiya lẹ́tà náà. Nígbà tó yá, ó gbé e lọ bá Málàm Abdulbaqi. Málàm yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.

"Innā lillāhi," ni ó wí. "Rashidat, ọmọ mẹ́rin ni mo ní o."

"Mo mọ̀, sà."

"Ilé ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni mo sì ń gbé." Ó ká lẹ́tà náà, ó tún tú u. "Kí ni mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì?"

"Ẹ ní ohun tí a bá rí ni kí á kọ."

"Haba. Nínú gbogbo àwọn tí mò ń kọ́, ìwọ nìkan lo fetí sílẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A ò ní fi í pamọ́ fún un. Tẹ lẹ́tà yìí bó ṣe wà sí ojú-ewé kejìlélógójì, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tóbi dáadáa. Òun náà ló máa kà á kó tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní ká yọ ọ́, òun ló yọ ọ́, kì í ṣe àwa."

Àǹtí Fadékẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Sabon Tasha ló ń tẹ ìwé fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà. Nígbà tó tẹ ìwé Rashidat dé ojú-ewé kejìlélógójì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Kai, ọmọ yìí, ṣé ẹ̀mí rẹ ń yọ ọ́ lẹ́nu ni?" Ó tún kà á, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀. Kò ní rí i. Ojú-ewé ìdúpẹ́ nìkan ni baba yẹn ń kà. Ó di ọdún kẹfà tí mo ti ń tẹ àtúnṣe rẹ̀, bírò pupa rẹ̀ kò tí ì kan ojú-ewé mìíràn rí."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Dókítà dá iṣẹ́ náà padà. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní ìdúpẹ́ náà kúrú, kí Rashidat fi ìlà kan dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó fi ojú-ewé mẹ́ta dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà kejì, ó ní kò sí Olóyè níwájú orúkọ òun ní ibi méjì. Nígbà kẹta, ó ní wọ́n gbàgbé ìyá òun. Nígbà kẹrin, wọ́n pè é ní òkun ìmọ̀, ó sì bèèrè pé ta ni wọ́n wá fi ọ̀sà sílẹ̀ fún. Nígbà karùn-ún, kò rí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n ó dá a padà, nítorí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ yege ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún péré.

Ọjọ́ tó fẹ́ fọwọ́ sí i, ọkàn Rashidat kò jẹ́ kó dákẹ́. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ni. "Dókítà sà," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ojú-ewé kejìlélógójì."

"Mo ti wò ó."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó kàn yín gidigidi ni."

"Ìwé tó jẹ́ pé èmi ni tópíìkì rẹ̀, ojú-ewé wo ni kò kàn mí níbẹ̀?" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Mo jẹ́rìí pé mo ti ka iṣẹ́ yìí," ó sì na bírò sí Paul kí ó dé e.

Ọjọ́ ìgbèjà pé. Ẹlòmíràn ìbá ṣe é nínú yàrá kékeré, ṣùgbọ́n Dókítà ní inú gbọ̀ngàn ni. Ó pe odindi ìgbìmọ̀ alákòóso, pẹ̀lú alága wọn, alhaji àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Yísà aránṣọ náà wá láti Barakallahu, ó jókòó sẹ́yìn nínú kaftani tuntun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Olùyẹ̀wò tó ti òde wá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Morọ́láyọ̀, obìnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Wọ́n rí i pé ó ti fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí ní ẹ̀ka yẹn.

Paul kọ́kọ́ ka ojú-ewé ìdúpẹ́ sókè, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń dúró pàtẹ́wọ́ ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni Dókítà dìde.

"Ẹ̀yin àgbààgbà," ni ó wí, "n kò ní fẹ́ yin ara mi, ìwé yìí ti ṣe é. Mo ti kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ tí n kò fọwọ́ ara mi jẹ́rìí sí."

"Gbogbo rẹ̀ pátá, sà?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Morọ́láyọ̀ bèèrè.

"Títí kan nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ojú-ewé."

"Ó dáa." Obìnrin náà nu imú. "Rashidat, ṣí ojú-ewé kejìlélógójì. Mo ní ìbéèrè kan lórí ibẹ̀."

"Kó tó di ìbéèrè," ni Dókítà wí, "ẹ jẹ́ kó kà á sókè ná, kí ìgbìmọ̀ lè gbádùn rẹ̀."

Rashidat ṣí ibẹ̀. Ó wo Málàm Abdulbaqi, Málàm ń wo ilẹ̀. Bí ó bá kà á, ta ló mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Bí ó bá kọ̀, ó ti kùnà nìyẹn, kò sì sí ọdún mìíràn. "Sà," ni ó wí, "ojú-ewé kejìlélógójì ni o."

"Ọmọ náà ń tijú," ni Dókítà sọ fún alága. "Kà á, kí ohùn rẹ ròkè."

Rashidat kà á. Ó kà á dé ọdún 1999. Ó ka àkòrí mọ́kànlá. Ó ka "Ayé àti Ohun Gbogbo Tó Wà Nínú Rẹ̀." Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti ní àwọn kò fún un ní oyè. 

Paul, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára, pàtẹ́wọ́.

Òun nìkan ló pa á. Nígbà tí ó gbọ́ pàtẹ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé wọn.

"Iṣẹ́ ọ̀tá ni èyí," ni Dókítà wí. "N kò rí ojú-ewé yẹn rí láyé mi."

Alága ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu nígbà náà. "Dókítà, èwo ni ká mú níbẹ̀? Bí o bá ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí o ṣe wí, á jẹ́ pé o jẹ́rìí sí i. Bí o kò bá kà á, kí lo ti ń fọwọ́ sí níbí láti ọdún mẹ́jọ?"

Ọkùnrin tó lè fi wákàtí méjì kí àlejò káàbọ̀ kò ní ju gbólóhùn méjì lọ.  Bí ohùn ọmọ ilé-ìwé ni ohùn rẹ̀ rí. "Wọ́n ní ó fẹ̀ jù ni," ni ó wí. "Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé ó fẹ̀ jù."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ náà ló pé yìí, Dókítà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Morọ́láyọ̀ pa ìwé dé. "Iṣẹ́ yìí yege," ni ó sọ fún Rashidat. "O lọ wá a, o rí i, o kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú tópíìkì yìí ni ọkàn rẹ fẹ́. Kí lo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Omi tí àwọn mai ruwa ń tà ní àdúgbò wa, mà."

"Gbé ìyẹn wá bá mi fún másítà."

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Yísà kò mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "yege." Ó dìde dúró, kò sì jókòó mọ́ títí wọ́n fi parí ètò.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn bíi ti ẹni tí mo ń bú. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Ọlánípẹ̀kun. Ìgbìmọ̀ ní kí ó di olùkọ́ lásán, kí ó sì lọ gba oyè náà ní tòótọ́ láàrin ọdún mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa lọ sílé. Málàm Abdulbaqi ni wọ́n fi dípò rẹ̀, tìtìjú-tìtìjú ni ó fi jókòó sórí àga yẹn. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn ìpàdé tí Paul fi yọ pátákó ara ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ti ara ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ ni kò rántí. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọdún kan kọjá. Rashidat wá sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fadékẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan láti tẹ ìwé ìbéèrè tí yóò pín fún àwọn mai ruwa. Ẹnì kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú rẹ̀, tó ń dúró de ìgbà tirẹ̀, ìwé pélébé kan wà lórí itan rẹ̀. Ọlánípẹ̀kun ni. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un, kò sì wúkọ́.

"Ẹ káàsán, sà," ni Rashidat kí i, ó kúnlẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, Rashidat." Kò wọ inú mọ́tò padà. Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó na ìwé náà sí i. "Ọ̀la ni mo máa gbé e lọ sí yunifásítì. Bá mi wò ó."

Àkòrí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Rashidat kò bèèrè èyí tó fẹ́, ó lọ sí àárín tààrà. Áfíríkà wà níbẹ̀. Àgbáyé náà wà níbẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà, àánú rẹ̀ sì ṣe é, ohun tí kò rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ láé.

"Sà, wọ́n á tún ní ó fẹ̀ jù."

"Mo mọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ mú oríta kan ṣoṣo, sà."

 Ọlánípẹ̀kun gba ìwé rẹ̀, ó kọ́kọ́ fa igi sí Àgbáyé. Áfíríkà pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé bírò lé e, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e, ó wá fa igi sí i. Ó gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀nà Kachia. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Rashidat.

"Oríta wo?" ni ó bèèrè.